Wọ́n Ń Wò Mí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí tí ohùn mi bá ga sókè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tó bí mi lọ́mọ gan-an ló sọ mí ní Ìyá Ariwo, kò sì sí ọjọ́ tí ariwo náà kì í dé etí rẹ̀, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi. Èmi ń ránṣọ níhìn-ín, òun ń gé irun lọ́hùn-ún. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo máa ń gbọ́ àlùmọ́gàjí rẹ̀. Tí òun náà bá pa kílípà, á gbọ́ bí mo ṣe ń bá oníbàárà tó gbé aṣọ wá lánàá tó fẹ́ gbà á lónìí jà.

Má-Mi-Orí ni gbogbo àdúgbò ń pe Bàbá. Ohun tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá ọlọ́pàá ni o, ọmọ ìkókó ni o. "Má mi orí." Á fi ìka méjì di àgbọ̀n rẹ mú, á sì yí ọ síbi tó bá wù ú. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. A bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jókòó sílé kó sinmi, ó ní ẹni tó bá jókòó sílé ni ikú máa ń yà kí. Màmá wa ti lọ tipẹ́. Èmi àti Bàbá la jọ ń gbélé, èmi ni mo mọ ìgbà tó jẹun àti ìgbà tó kàn ń purọ́ pé òun ti jẹun.

Ìtọ̀ ló tú àṣírí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onífọ́tò tó wà ní òdìkejì títì já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Aṣọ tí Bàbá fi ń bo oníbàárà wà lọ́rùn rẹ̀, apá ọ̀tún orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, apá òsì ṣì rí bí igbó.

"Àǹtí, ẹ gbà mí lọ́wọ́ Bàbá yín o. Wọ́n á gé díẹ̀, wọ́n á sáré lọ tọ̀. Wọ́n á tún gé díẹ̀, wọ́n á tún sáré lọ. Èmi sì níbi tí mo ti fẹ́ lọ ya àwọn èèyàn ní fọ́tò!"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú. Mo ní kó kúkú máa lọ bẹ́ẹ̀, ṣebí ẹ̀yìn kámẹ́rà ló máa wà, ta ló máa rí i. Àmọ́ nígbà tí mo jáde sẹ́yìnkùlé láti lọ pe Bàbá, mo bá a níbi tó ti fi iwájú orí ti ògiri ilé ìtọ̀, ó di ojú, ó ń retí omi tí kò wá. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

"Àgbà ló ń dé," ló wí nígbà tó rí mi.

"Àgbà ti dé tipẹ́, Bàbá. Ìtọ̀ ni kò dé."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Síbẹ̀, ìjà ni mo fi gbé e dé ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ká padà wá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀díẹ̀ nínú ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tí Bàbá ò jẹ́ kí n bèèrè nípa rẹ̀ títí dòní. Nígbà tó kù díẹ̀ kí èsì jáde, nọ́ọ̀sì ní ká mú ẹlòmíì dání nínú ẹbí. Inú mi ti kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀ yẹn. Mo pe Bùrọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta pákó ní ìlú míì. Àwa méjì péré ni Bàbá bí.

Yàrá dókítà kò ju ibi tí mo ń tẹ́ aṣọ sí lọ. Tábìlì kan wà níbẹ̀, fáànù kan ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé, àwòrán inú ọkùnrin sì wà lára ògiri, tí Bùrọ̀dá kò fẹ́ wò. Obìnrin ni dókítà náà, ọmọdé lójú, ohùn rẹ̀ tínrín, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Kó tó la ẹnu, Bàbá dìde. Ìtọ̀. Nọ́ọ̀sì mú un lọ.

Dókítà ní òun á dúró dè é. Bùrọ̀dá, tí kì í lè dúró de omi kó hó, ní, "Ẹ máa sọ ọ́, Dókítà. Àwa ọmọ rẹ̀ rèé níwájú yín."

Ó wá sọ ọ́. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ẹṣẹ́ kékeré kan wà tí gbogbo ọkùnrin ní, tó rọ̀gbà yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, ibẹ̀ ló wà, kò tíì jáde níbẹ̀. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó pẹ́ kí etí mi tó padà dé ibi tí ẹnu náà wà.

Ó ní a lè ṣiṣẹ́ abẹ, ká yọ ẹṣẹ́ náà kúrò, àmọ́ Bàbá ti dàgbà, ọkàn rẹ̀ kì í sì í lù déédéé, ó lè má jí dáadáa lórí tábìlì, tó bá sì jí, ó lè máa tọ̀ sára. Ó ní ẹ̀rọ ìtànṣán wà, tí wọ́n máa ń tàn sí ojú ibẹ̀ láti jó o, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì máa gbé e wá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ náà wà, tó máa pa agbára ọkùnrin inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ àìsàn náà, àmọ́ á gba okun lára rẹ̀, á sọ egungun di fífúyẹ́, wọ́n sì sábà máa ń tọ́jú èyí de ìgbà tí nǹkan bá ti tàn káàkiri. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

"Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, mi ò ní fi falẹ̀. Àmọ́ irú èyí tó wà lára Bàbá, ìgbín ni, kì í sáré. Ó ṣeé ṣe kó má ṣe wọ́n ní nǹkan kan títí dọjọ́ alẹ́ wọn. Mi ò ṣèlérí o. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ìtọ́jú lè ṣe wọ́n léṣe ju àìsàn lọ. Mo rò pé ká fún wọn ní oògùn tó máa jẹ́ kí ìtọ̀ já geere, ti ìtọ̀ lásán nìyẹn o, kì í ṣe ti jẹjẹrẹ. Ká sì máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn látìgbàdégbà, ká fi mọ̀ bóyá nǹkan náà ń rìn. Tó bá rìn, a ó dìde sí i."

Ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá wọlé, ó ń fi ọwọ́ nu ara ṣòkòtò rẹ̀. Dókítà dìde fún un.

"Bàbá, mo ti ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ yín. Nǹkan kan wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tí a ó kánjú sí. Tótó ó ṣe bí òwe o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lé ni…" Ó dákẹ́. Ọmọ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ibi tí àmúkùrù inú òwe náà bà lé ni. Ojú tì í, Bùrọ̀dá wú ikọ́.

"Lẹ́pọ̀n!" Bàbá bá a parí ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín tó gba gbogbo yàrá. "Sọ ọ́, ọmọ mi, kò séèwọ̀. Àwa la ni òwe, àwa la ni ẹ̀pọ̀n."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi pẹ̀lú omi lójú. Dókítà ní ṣé kí òun tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ní àwọn ọmọ òun ti gbọ́, ó tó.

"Ó dáa, sà. A ó máa wò yín."

"Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ẹ máa wò mí. Ọlọ́run á fún yín ṣe."

Bí a ṣe délé, Bàbá gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Àǹtí dé, àbúrò Bàbá kan ṣoṣo tó kù láyé, tó ń ta ìkòkò. Àwa mẹ́ta jókòó sí pálọ̀, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún un. Àfi bí Bùrọ̀dá ṣe fò sókè.

"Máa wò ó! Ṣé tẹlifíṣọ̀n ni bàbá mi? Ilé ìwòsàn la gbé e lọ, kì í ṣe ilé ìwòran. Nǹkan tó ń jẹ èèyàn lára, a ó wá káwọ́ lẹ́rán, a ó máa wò ó!"

"Bùrọ̀dá, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yẹn ló sọ ọ́."

"Báwo ló ṣe sọ ọ́? Ìwọ ò gbọ́ 'a ó máa wò yín'?"

Àǹtí ní tí iṣẹ́ abẹ bá léwu, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Mo ní abẹ́rẹ́ yẹn máa ń pa agbára ọkùnrin. Ẹ wá wo Àǹtí, ó tú gèlè kúrò lórí.

"Kí wọ́n tẹ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dàá? Ṣé òbúkọ ni?"

"Àǹtí, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kí ló tún fẹ́ fi ṣe?"

"Ó fẹ́ fi ní in ni! Ṣé ohun gbogbo téèyàn bá ní ló gbọ́dọ̀ fi ṣe nǹkan?"

Ẹ gbà mí o! Àǹtí náà ló ní ká má dárúkọ àìsàn náà létí Bàbá. Ó ní orúkọ yẹn nìkan ti tó láti pa èèyàn kí àìsàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bùrọ̀dá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ò jiyàn. Bùrọ̀dá wọkọ̀ padà nírọ̀lẹ́, ó ní òun á wá dókítà tó ń ṣiṣẹ́ rí, kì í ṣe èyí tó ń wòran.

Ẹ má rò pé mo gbà pé Bùrọ̀dá ya wèrè. Tí mo bá jókòó nídìí ẹ̀rọ, tí mo ń rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó gùn, ọkàn mi máa ń lọ síwá sẹ́yìn. Tí a bá ní kí wọ́n là á, tí kò sì jí, àwa la pa á. Tí a bá jókòó tì í, tí nǹkan náà sì jí lọ́jọ́ kan, tó tàn dé egungun, tí Bàbá ń ké, àwa náà la pa á. Kò sí èyí tí èèyàn mú nínú ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ máa mọ́. Nígbà míì, mo máa ń bínú sí dókítà pé kí ló dé tí kò kàn pàṣẹ fún wa, ká rí ẹni di ẹ̀bi lé. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fẹ́ràn bàbá mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ara Bàbá ní tiẹ̀ ń yá sí i. Oògùn ìtọ̀ náà ṣiṣẹ́, ó lè gé irun odidi èèyàn kan tán kó tó jáde. Onífọ́tò padà wá, ó jókòó, ó sì lọ pẹ̀lú orí tó dọ́gba. Nígbà tí a bá lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, Bàbá á wọ aṣọ tó dáa, á na apá sí nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bi í, á ní, "Ẹ fà á dáadáa o, ẹ má ṣojo." Mo rò pé akin ni.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó sórí àga rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Awakọ̀ ń ráhùn pé ìtọ̀ kì í jẹ́ kí òun sùn.

"Lọ bá wọn ní ọsibítù," Bàbá wí. "Wọ́n ń wò mí níbẹ̀."

"Ṣé ó ń lọ?"

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán! Ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ lára mi ni wọ́n ń fà jáde díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tún fà á bíi mélòó kan sí i, ó parí nìyẹn. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń wò mí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́. Má mi orí."

Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹ̀rọ. Wò. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni dókítà sọ, ojú ló fi sọ ọ́, oògùn ni Bàbá fi gbọ́ ọ. Ta ló máa bá a wí? Ṣé a kì í sọ pé dókítà ń wo aláìsàn tó bá ń tọ́jú rẹ̀ ni? Ṣé nǹkan míì ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn ni? Bàbá mi ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ìgbà yìí wá lórí ìwòsàn tí kò bẹ̀rẹ̀ rí. Mo sunkún. Aṣọ oníbàárà ni mo fi nu ojú, mo sì ní láti fọ̀ ọ́ kí n tó rán an tán.

Mo pe Bùrọ̀dá lórí fóònù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa bà á lọ́kàn jẹ́. Inú rẹ̀ ló dùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti rí dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń bọ̀ wá gbé e. A ó sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti máa parí wíwò náà là ń lọ. Kò ní jiyàn, ṣebí ó ti gbà pé wọ́n ń wo òun."

"Bùrọ̀dá! Ẹ fẹ́ tan Bàbá dé orí tábìlì?"

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo ti ń ṣe fún un láti ọjọ́ yìí, tí kì í bá ṣe títàn?"

Ọ̀rọ̀ wọ̀ mí lára. Mo fi fóònù sílẹ̀. Mo lọ bá Àǹtí, Àǹtí ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sínú, ó ní àyà Bàbá ò ní gbà á, ṣé mo fẹ́ kó ṣubú lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ni. Mo ní tí Bùrọ̀dá bá gbé e lọ láìmọ ibi tó ń lọ, kí ló yàtọ̀ sí ẹran tí wọ́n fa okùn rẹ̀? Àǹtí ní ẹnu mi yìí ló máa pa mí.

Bùrọ̀dá dé lọ́jọ́ Ajé lóòótọ́, ó gbé mọ́tò dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí bó ṣe kánjú tó, ó gbọ́dọ̀ jókòó kí Bàbá gé irun rẹ̀ ná, torí Bàbá kì í jẹ́ kí ọmọ òun rìn nígboro pẹ̀lú orí játijàti. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún Bàbá pé lónìí ni wíwò máa parí, Bàbá ń ṣe àmín. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Mo retí títí Bàbá fi mú abẹ, tó tẹ orí Bùrọ̀dá síwájú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Kò sí ẹni tó lè fò dìde pẹ̀lú abẹ lọ́rùn.

"Bàbá, ẹ dákun, mo ní ọ̀rọ̀. Wọ́n ń wò yín, àmọ́ wọn ò wò yín."

"Ìyá Ariwo, kí lò ń sọ?"

"Ojú ni wọ́n fi ń wò yín, Bàbá. Wọn kì í fi oògùn wò yín. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà, wọ́n ń gbà á láti fi mọ̀ bóyá nǹkan náà ń dàgbà ni. Jẹjẹrẹ ni wọ́n rí lára yín. Dókítà ní kì í sáré, ó ní ìtọ́jú lè ṣe yín léṣe jù ú lọ. Bùrọ̀dá ò gbà. Iṣẹ́ abẹ ló fẹ́ gbé yín lọ ṣe lónìí."

Bùrọ̀dá fẹ́ fò dìde. Bàbá fi ọwọ́ òsì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Má mi orí," ló wí, pẹ̀lẹ́. Abẹ náà dúró lójú kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a lọ, ó fá ọrùn náà tán, ó nù ún, ó da páúdà sí i, ó tú aṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí.

"Àbúrò mi náà mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níbo lẹ ti jókòó sọ ọ́?"

"Pálọ̀, sà."

"Pálọ̀ mi. Lórí àga mi." Ohùn rẹ̀ kò ga, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Láti kékeré ni mo ti ń fárí èèyàn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Mi ò ṣe é fún ọ̀tá mi rí. Ẹ̀yin tí mo bí lẹ wá fá tèmi, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń bá yín ṣàdúrà."

Bùrọ̀dá bú sẹ́kún, ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, pẹ̀lú páúdà lọ́rùn. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú ni, Bàbá."

"Èmi náà ò fẹ́ kú. Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kú? Ṣé o bi mí ni?"

Ó dìde. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wọ mọ́tò Bùrọ̀dá, ó ní ká gbé òun lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kékeré yẹn. Nígbà tí a débẹ̀, tí àwa méjèèjì fẹ́ tẹ̀ lé e wọlé, ó yíjú padà. "Ẹ jókòó síta." A jókòó bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lé jáde. Ó pẹ́ gan-an nínú yàrá náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo gbọ́ ti dókítà, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ní ìgbà kan, mo di ọwọ́ Bùrọ̀dá mú, ó jẹ́ kí n dì í mú.

Bàbá jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó ti bá mi sọ gbogbo ẹ̀, ó fi àwòrán hàn mí. Mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ṣíṣọ́ ni kẹ́ ẹ máa pè é, ẹ yé pè é ní wíwò. Mi ò fẹ́ lo ìwọ̀nba tó kù fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà nínú ara. Tó bá jí, màá tún rò ó. Èmi ni màá rò ó o." Ó wá kọjú sí Bùrọ̀dá. "Ó ní tó bá ti wà lára bàbá, kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà wá fún àwọn lẹ́jẹ̀."

"Èmi? Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, Bàbá."

"O ò mọ̀. Wọlé lọ."

Ẹ bá mi wo akọni tó fẹ́ kí wọ́n la bàbá rẹ̀! Ó ní òun kò tíì jẹun, ó ní mọ́tò wà lójú ọ̀nà. Èmi ni mo tì í wọlé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì.

Àwọn ọjọ́ tó wà láàárín yẹn, mi ò mọ Bàbá mọ́. Ẹni tó gbọ́ pé jẹjẹrẹ wà lára òun, tó jẹun yó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Á ṣí ṣọ́ọ̀bù, á tún tì í. Ó gé onífọ́tò létí, ohun tí kò ṣe rí. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan, ó ní ooru ni.

Lọ́jọ́ tí a padà lọ, Bùrọ̀dá ṣì ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí nígbà tí dókítà kọjá lọ́nà. Bàbá ta gìrì, ó di apá aṣọ funfun rẹ̀ mú. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀ pé mo ti súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Dókítà, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Tí ọ̀rọ̀ ọmọ mi bá burú, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Má sọ fún un. Òun kò lágbára bíi tèmi. Màá mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ fún un."

"Bàbá!" mo wí.

Ó yíjú, ó rí mi, ó wo ilẹ̀. Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ara rẹ̀ ni, sà. Òun ni mo máa sọ fún. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀ níjọ́sí."

Bùrọ̀dá dé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó wọlé lóun nìkan. Bàbá jókòó ti mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi àtàǹpàkò ra orúnkún rẹ̀.

"Ìyá Ariwo, ìta yìí le o," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ó le tó báyìí."

Mo sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì náà. Ilẹ̀kùn ṣí. Bùrọ̀dá jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wa.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá! Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi dáa."

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wò ó títí ẹ̀rín náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́.

"Ká ní kò dáa, ohun tí èmi náà ì bá sọ fún ọ nìyẹn," ló wí, kò sì dìde.